Ẹ̀yìn Àwẹ̀ró àti Ìlẹ̀kẹ̀ Kan Ṣoṣo

"Ẹ tún rìn lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyá," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ẹ máa rìn bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò wò."

Àwẹ̀ró pòṣé. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ rìn bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò wò, nígbà tí gbogbo ara ògiri ń ṣẹ́jú sí i? Yàrá roboto ni wọ́n mú un wọ̀, ó funfun báláú, ojú dúdú kéékèèké sì kún ara ògiri rẹ̀ bí hóró inú ìbẹ́pẹ. Ilẹ̀ ń yọ́ lọ sẹ́yìn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà ń rìn síwájú, kò sì kúrò lójú kan. Ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó ń rìn, ó sì ń gbé igbe mì.

Awòfín ni gbogbo ará Òkè-Amọ̀ ń pe ẹ̀rọ náà, orúkọ ọ̀hún sì yẹ ẹ́. Láti ẹ̀yìn aṣọ ló ti ń rí egungun, ó ń rí iṣan, ó ń rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń fà tìkọ̀. Ó ti sọ fún ọkùnrin kan ní àdúgbò wọn rí pé òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀, kí òkúta náà fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ti débẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń jáde níbẹ̀ tàwọn ti ìyanu lẹ́nu.

"Báwo ni ẹ̀yìn báyìí, mà?"

"A dúpẹ́."

"Ìyá, láti àárọ̀ lẹ ti ń dúpẹ́. Mo gbà á. Ibi tó ń dùn yín ni mò ń bèèrè."

Lórí ìjókòó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, Gbàdébọ̀ ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. "Sọ fún un, jàre, Àwẹ̀ró. Nílé, o ò jẹ́ ká rímú mí. O wá dé iwájú ẹ̀rọ, ò ń dúpẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, o ní ó ń pọ́n."

"Bàbá Ṣìjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀." Ó mí kanlẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. "Ó ń dùn mí níbí, lókè ìdí. Á rìn wá sí ẹ̀gbẹ́, á tún sọ̀ kalẹ̀ sí itan. Tí mo bá jókòó pẹ́, dídìde á di ogun. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ síbi iṣẹ́, mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi."

Àmù ògiri ni Àwẹ̀ró ń mọ. Láti ìgbà tí Òfin Ooru ti dé, tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ mú ilé tirẹ̀ tutù kó sì da ooru ibẹ̀ sórí ilé aládùúgbò, àmù ni gbogbo ilé fi ń tutù. Àmù ńláńlá ni, inú ògiri ni wọ́n ń mọ wọ́n sí, omi á máa làágùn jáde lára wọn, atẹ́gùn á gba ara wọn kọjá wọ yàrá. Ẹ̀rọ ti gbìyànjú láti mọ ọ́n, ṣùgbọ́n àmù ẹ̀rọ kì í làágùn dọ́gba. Ti Àwẹ̀ró ń làágùn bí ẹni tó gún iyán fún àlejò. Ilẹ̀ ló ń gbé ìdí àmù kalẹ̀ sí, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, á máa yí i ká, á máa fi amọ̀ kún un, títí àmù á fi ga dé àyà rẹ̀. Wọ́n ń ti ìlú mìíràn wá wò ó. Ẹni tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀ kò lè mọ àmù.

Ilẹ̀ tó ń rìn náà dúró. Àwòrán ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ yọ lójú afẹ́fẹ́, ó ga tó èèyàn, ó sì ń tàn yòò. Àwẹ̀ró wò ó tìbẹ̀rù tìbẹ̀rù. Kò mọ̀ pé òun lẹ́wà tó báyìí nínú.

"Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn yín ti gbó," ni Awòfín wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ohun tí mo dábàá ni Àtúnṣe Ńlá. A ó de àwọn egungun ìsàlẹ̀ pọ̀, wọn ò ní máa fi ara gbora mọ́."

"Ṣé màá ṣì lè bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ ó lè rìn. Ẹ ó lè sùn. Ẹ kò ní lè bẹ̀rẹ̀ dé ilẹ̀ mọ́, mà."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Gbàdébọ̀. Àwẹ̀ró wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan wà. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sí Òkè-Amọ̀ ni ìlú ń so irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ: Àtúnṣe Ńlá kan ṣoṣo fún olówó, ọ̀kan ṣoṣo fún tálákà, kò sí èkejì títí dọjọ́ ikú. Ẹni tó bá ti lo tirẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ á di dúdú. Ojú ni ìyá Àwẹ̀ró lo tirẹ̀ sí. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ wá daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà kí i pẹ̀lẹ́, wọ́n sì bá a jókòó títí ó fi lọ.

Ohun tí Gbàdébọ̀ náà ń rò nìyẹn. "Àwẹ̀ró, o ò gbọdọ̀ lò ó sí ẹ̀yìn," ó wí. "Ọkàn ló ń pa wọ́n nílé yín. Ìyá rẹ, ìyá tó bí ìyá rẹ. Pa á mọ́ de ọkàn."

"Kí n wá máa fi ẹ̀yìn yìí ṣe kí ni, títí ọkàn á fi dé?"

Gbàdébọ̀ fọwọ́ tún fìlà orí rẹ̀ ṣe.

"Èmi nìkan kọ́ ni mo ń parí ọ̀rọ̀," ni Awòfín wí. "Òfin ò gbà kí ẹ̀rọ sọ ìlẹ̀kẹ̀ ẹnikẹ́ni di dúdú láìjẹ́ pé èèyàn ẹlẹ́ran-ara kọ́kọ́ fọwọ́ kan ara onítọ̀hún wò. Dókítà Ìbídùn ń dúró dè yín. Kí ẹ tó kúrò nílé yìí, ẹ ó fi ẹnu ara yín dáhùn fún mi."

Wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gba abẹ́ àkọlé tó wà lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn náà: Ẹ MÁ KÚNLẸ̀, Ẹ MÁ DỌ̀BÁLẸ̀, ẸNU NI KÍ Ẹ FI KÍRA. Àánú ló bí òfin yẹn. Láyé ìgbà kan, àwọn tí egungun ń dùn á kúnlẹ̀ kí dókítà, wọ́n á sì wá ẹni tí yóò gbé wọn dìde tì. Ní ti ẹ̀rọ ẹ̀wẹ̀, a ò nílò àkọlé kankan láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má kúnlẹ̀ fún irin.

Ẹnu ọ̀nà Dókítà Ìbídùn nìkan ni kò sí àkọlé kankan. Ìyá àgbàlagbà ni, ó dàgbà ju ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ lọ. Orí àga onítáyà ló jókòó sí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà jẹ́ẹ́ lórí itan. Bí Àwẹ̀ró ṣe rí ewú orí rẹ̀ báyìí, ó gbàgbé òfin. Orúnkún rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ kó tó rò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Dúró síbẹ̀ ná, má tíì dìde."

Àwẹ̀ró rò pé etí òun ló gbọ́dì. Àgbà wo ló ń sọ fún ẹni tó kúnlẹ̀ fún un pé kó má tíì dìde?

"Ó dáa," ni Dókítà Ìbídùn wí lẹ́yìn tó ti wò ó tẹ́rùn. "Dìde báyìí, kí o tún kí mi."

Gbàdébọ̀ fò dìde, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. "Mà, ẹ̀yìn ló ń dùn ún o! Tó bá jẹ́ ti ọ̀wọ̀ ni, ẹ jẹ́ kí èmi bá a dọ̀bálẹ̀ tirẹ̀."

"Tìrẹ kò wúlò fún mi," ni ìyá náà dáhùn. "Tirẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Tún kí mi, ọmọ mi."

Àwẹ̀ró tún kúnlẹ̀, ó yọ́ ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

"Ẹsẹ̀ òsì rẹ ń sá jáde," ni dókítà wí. "Tọ̀tún ń ká wọlé bó ṣe yẹ, tòsì ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbàdí rẹ sì ń yí tẹ̀lé e. Láti ìgbà wo lo ti ń kúnlẹ̀ báyìí?"

Àwẹ̀ró kò mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló mọ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti sọ ọ́," ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó fẹjọ́ sùn láàárín ẹbí pé ìyàwó mi kì í kúnlẹ̀ tán fún òun mọ́. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń ti òkèèrè wá wo iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń kúnlẹ̀ ààbọ̀. A pe ìpàdé lé e lórí. Mo bá a wí."

"Ẹ bá mi wí dáadáa," ni Àwẹ̀ró wí láti ilẹ̀. "Mo sì tọrọ àforíjì. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo tún ti tọrọ rẹ̀."

"Ìgbáròkó ń ké, ẹbí ní ìgbéraga ni," ni Dókítà Ìbídùn wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Gbé e dìde, ọkọ rẹ̀. Gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì fún mi."

Nígbà tí Àwẹ̀ró ti fẹ̀yìn lélẹ̀ tán, dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó di orúnkún òsì rẹ̀ mú, ó ká a wá sí ikùn, ó wá rọra fọwọ́ kejì yí ẹsẹ̀ náà síta. Nǹkan kan ta á láti ibi tí itan ti pàdé ikùn, ó gba inú kọjá, ó sì bọ́ sí ojú ibi tí ẹ̀yìn ti máa ń dùn ún gan-an. Àwẹ̀ró ké tòò.

"Ibẹ̀ ni! Mà, ibẹ̀ gan-an ni!"

Dókítà Ìbídùn gbójú sókè sí ojú kékeré kan lára àjà. "Awòfín, ṣé o wo oríkèé itan yìí?"

"Mo wò ó nínú ìrìn, nínú ìjókòó àti lórí àtẹ̀gùn, Dókítà. Ó gbó díẹ̀, kò burú."

"Nínú ìkúnlẹ̀ ńkọ́?"

Ojú kékeré náà ṣẹ́jú. "Ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ níwájú mi rí. Mi ò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ ń ṣe sí egungun."

"Kọ́ ọ lónìí."

Ó sì kọ́ ọ. Kí Àwẹ̀ró tó kúnlẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan sí i, Awòfín ti gbé àwòrán mìíràn sójú afẹ́fẹ́: orí egungun itan nínú kòtò rẹ̀, egungun rírọ̀ tó bò ó ti fẹ́lẹ́ níwájú, kòtò sì ń gbún un nígbàkúùgbà tí itan bá ká wọlé tó sì yí. "Mo ṣe àṣìṣe," ni ẹ̀rọ náà wí, kò wá àwáwí kankan. "Ẹ ṣeun, Dókítà. Láti òní lọ, màá máa ní kí wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ fún mi, tí wọn ò bá ní bínú." Àwẹ̀ró mọ ọ̀pọ̀ èèyàn ẹlẹ́ran-ara tí irú ọ̀rọ̀ yẹn kò lè ti ẹnu wọn jáde láéláé, ó sì yìn ín nínú ara rẹ̀.

Síbẹ̀ dókítà kò tíì gbà. "Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀," ó wí. "Àwòrán ti sọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bi ara léèrè." Ó mú òrùka fífẹ̀ kan nínú àpótí, bàbà rírọ̀ ni, ó dè é mọ́ òkè itan Àwẹ̀ró. Òrùka ìdákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Oríkèé kan ṣoṣo tí wọ́n bá dè é mọ́ ló ń pa lẹ́nu mọ́, fún ìgbà díẹ̀, kì í fọwọ́ kan ibòmíràn. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló jẹ̀bi, ẹ̀yìn á máa dùn ọ́ lọ bó ṣe ń dùn ọ́. Ó yá, rìn."

Àwẹ̀ró rìn dé ojú fèrèsé. Ó dúró. Ó padà. Ó jókòó, ó dìde láìdi ohunkóhun mú. Ó rí fìlà ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó sì nà án sí i. Ìgbà tí Gbàdébọ̀ gba fìlà náà tán ni omi tó bọ́ lójú obìnrin náà. Ó ti gbàgbé bí ara tó dákẹ́ ṣe máa ń rí.

"Ẹ̀yìn ló ń ké," ni Dókítà Ìbídùn wí, "ìgbáròkó ló ń nà án. Awòfín ò purọ́ o, ẹ̀yìn rẹ gbó lóòótọ́. Àmọ́ ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ náà gbó, wọ́n sì ń jó kiri. Ewú inú ni. Ewú kì í dunni."

"Ó ku díẹ̀ ká de aláìṣẹ̀ mọ́lẹ̀," ni Gbàdébọ̀ wí. Ó ń wo ìyá náà bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tó tún ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kó tún un ṣe. "Mà, mo ti rí oníṣẹ́ rí. Ẹ̀yin yìí, ọwọ́ yín mọ iṣẹ́."

Dókítà ti yíjú sí Àwẹ̀ró. "Apá ibo lo ń gbà yí àmù ká, ọmọ mi?"

"Apá òsì, mà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe kọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe."

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹsẹ̀ òsì ló wà nínú, tó ń ká, tó ń yí, tó sì ń gbé ọ. Mi ò lè búra pé òun nìkan ló fà á. Kò kàn ní yà mí lẹ́nu ni." Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún Àwẹ̀ró. "Gbọ́ mi. Mo lè fi egungun tìrẹ gbin oríkèé tuntun fún ọ. Á dáa. Wàá bẹ̀rẹ̀, wàá kúnlẹ̀ tán fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ títí á fi sú u. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ á sì di dúdú. Ọ̀nà kejì kò la ti ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Wàá máa wá síbí, a ó máa fún iṣan ìdí àti itan rẹ lágbára, òrùka yìí á máa gbà ọ́ lọ́jọ́ tó bá le. Wàá sì máa gba apá ọ̀tún yí àmù ká."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ẹ̀rù bà á ju bó ṣe bà á níwájú Awòfín lọ. "Mà, ọwọ́ mi ò mọ apá ọ̀tún. Gbogbo àmù mi á wọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á máa wò mí. Àwọn tó ń ti ìlú òkèèrè bọ̀ á wá bá mi níbẹ̀."

"Á wọ́. Ó lè pẹ́ kó tó tọ́. Mi ò sì lè ṣèlérí fún ọ pé ìyẹn nìkan á tó."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni agbára òrùka ti tán. Ìrora padà wọlé bí ayálégbé tó lọ rajà, ó jókòó sí àyè rẹ̀. Àwẹ̀ró di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ṣé irú èyí ló fẹ́ máa bá yí, lẹ́yìn tó ti tọ́ adùn ìdákẹ́ wò? "Ẹ gbin tuntun fún mi, mà," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Mi ò fẹ́ rí èyí mọ́."

Dókítà Ìbídùn fa apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ló wà lọ́rùn ọwọ́ tirẹ̀.

"Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí," ó wí. "Ọwọ́ ni mo lò ó sí. Orúnkún mi ti kọ̀ báyìí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fún mi, ìdí nìyẹn tí mo fi wà lórí àga."

"Ṣé ẹ kábàámọ̀ ni, mà?"

"Rárá o! Wo iye èèyàn tí ọwọ́ yìí ti gbé dìde. Ṣùgbọ́n mo ti gbìyànjú gbogbo ohun tó ṣeé gbìyànjú kí n tó lò ó, òun ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ìwọ ò tíì gbìyànjú nǹkan kan fún ìgbáròkó yẹn. Ẹ̀yìn lo ti ń bá jà."

"Tí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Wàá padà wá bá mi. Tí mi ò bá sí mọ́, wàá bá ẹlòmíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ á ṣì funfun."

Ohùn Awòfín wá láti àjà. "Ìyá, mo ń dúró dè yín. Ẹ̀yìn ni ẹ ó lo ìlẹ̀kẹ̀ sí, àbí ìgbáròkó?"

Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀. Gbàdébọ̀ mi orí. "Má wo ojú mi," ó wí. "Ara rẹ ni. Mo ti bá ọ wí rí lórí ara rẹ, mo sì ṣì ọ́ wí. Ohun tí o bá sọ ni màá tẹ̀lé."

Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ lé itan òsì rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ti dúdú, kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè ta sí i mọ́. Àmù tó bá wọ́, amọ̀ lásán ni, èèyàn á pò ó pọ̀, á tún un mọ.

"Kò sí ọ̀kankan," ni Àwẹ̀ró wí. "Kò tíì sí ọ̀kankan."

Nígbà tí Àwẹ̀ró ti gba ìtọ́jú iṣan fún ìgbà díẹ̀, tí dókítà sì gbà á láyè láti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó dá ìdí àmù kan sílẹ̀ lágbàlá, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dúró yí ká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kọjú sí apá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọlura. Ọwọ́ tó yẹ kó tì ń fà, èyí tó yẹ kó fà kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Amọ̀ ga díẹ̀, ó fì sápá kan. Ó gé e kúrò, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún fì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wúkọ́, òmíràn ń wo ojú ọ̀run. Òun tí wọ́n ń ti òkèèrè wá wò ń mọ ìkòkò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan amọ̀ lánàá.

Gbàdébọ̀ jáde láti ìsọ̀ rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó wà lórí rẹ̀. Ó wo àmù náà, ó tún tẹ orí wò ó bí ó ṣe fì. Gbogbo èèyàn ń retí àwàdà tí yóò ṣe. Kò ṣe é.

"Àwẹ̀ró," ó wí. "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

Àwẹ̀ró dúró bẹ́ẹ̀ ní bíbẹ̀rẹ̀, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń wá ìrora náà kiri lára. Ó wá a ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, kò bá a níbẹ̀. Ó wá a ní ìgbáròkó, ó bá a tó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́, kò pariwo.

"Ojú ló ń tì mí, Bàbá Ṣìjú," ó wí. "Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn."

Ó bu amọ̀ sí i, ó sì tún gba apá ọ̀tún yí i ká.